Bí Mo Ṣe Fi Ìmọ̀ Ìwé Ri Ata Ìyá Ẹ̀bùn Sómi

Ọjọ́ tí mo ri ọgbà ata onílé mi sínú odò kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọgbọ́n mi ṣe pọ̀ tó nígbà náà.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí. Wọ́n gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Zion Pepe, abúlé orí omi létí òkun, níbi tí omi ti ń kọjá lábẹ́ ibùsùn mi. Ìyá Ẹ̀bùn, onílé mi, kò ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko, ló bá kó yẹ̀pẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan, ó gbé e sórí pákó lẹ́yìn ilé, ó gbin ata sí i. Oko ìyá rẹ̀ ní Ayétòrò ni irú ata náà ti wá, òkun sì ti gbé oko yẹn lọ. Ìdí ata mẹ́sàn-án inú ọkọ̀ yìí nìkan ló kù nínú irú rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Òde Mahin, èmi ló fi wọ́n lé lọ́wọ́.

"Tíṣà, bí omi iyọ̀ bá ta sí i, omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ má fún un ní nǹkan mìíràn o. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé èmi ni wọ́n ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ ewéko? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé àwọn puròtéènì kan wà nínú ewéko tí à ń pè ní kínéèsì, àwọn ló ń pàṣẹ bí ewéko ṣe máa náwó agbára rẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà, àwọn kan á ní kó máa dàgbà. Bí ìyà bá dé, àwọn mìíràn á ní kó dáwọ́ ìdàgbà dúró, kó máa ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù jẹ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ débi pé orí ara mi wú.

Ọjọ́ kẹta tó lọ, òkun ru, omi iyọ̀ bo ata, ewé rọ. Mo sáré dé ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó ti gbẹ. Ta ló lo omi òjò tán? Èmi náà ni. Mo ti fi fọ ṣẹ́ẹ̀tì, torí iyọ̀ inú omi odò kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Èmi tí mo mọ èyí ni mo tún bu omi odò yẹn, tí mo fi ṣan ata.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé tún rọ sí i. Mo ní ebi ló ń pa wọ́n, mo da ajílẹ̀ agolo mílíìkì méjì sí i. Kí ilẹ̀ tó tún mọ́, etí ewé ti jó. Ọjọ́ yẹn sì ni Ìyá Ẹ̀bùn ń bọ̀. Mo pinnu láti ti ọkọ̀ náà sétí pákó, kí n lè gbọ́n yẹ̀pẹ̀ burúkú yẹn dà nù. Mo tì í. Pákó ń yọ̀. Ọkọ̀ re odò, èmi náà tẹ̀ lé e.

Apẹja kan tó ń kọjá dúró wò mí. "Tíṣà, ṣé ọjà Igbókòdá lẹ ń lọ ni?"

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ tó gbé Ìyá Ẹ̀bùn bọ̀ fi dé. Àwọ̀n ni òun àti apẹja náà fi kó ìdí ata márùn-ún jáde nínú mẹ́sàn-án. Ìyá kò bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó fi omi inú ọ̀rá tó rà fún mímu fọ gbòǹgbò wọn, ó gbìn wọ́n sínú bàsíà lábẹ́ òjìji, kò sì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Méjì yè.

Ọjọ́ tí ewé tuntun yọ, ó bi mí ohun tó jẹ́ kí wọ́n yè. Inú mi dùn, mo ṣàlàyé kínéèsì látòkè délẹ̀: pé nígbà ìyà, ewéko a máa ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ẹni tó bá sì ń rọ oúnjẹ lé e lórí ń pa á ni.

"Ẹ ti mọ èyí tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá."

Ó ní, "A jẹ́ pé àìmọ̀ kọ́ ló ṣe yín."

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí èmi náà máa fetí sí i. Ata náà ti so báyìí. Ó fún mi ní mẹ́ta níjọ́sí. Mo fi se ọbẹ̀, mò ń jẹ ẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi, mi ò sì lè búra pé ata nìkan ló fà á.