Ọjọ́ Tí Kọ́múréèdì Jethro Nu Ojú Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Okitipupa lónìí, tí ẹ béèrè ilé Kọ́múréèdì Jethro, wọn kò ní tètè júwe rẹ̀ fún yín. Wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún yín.

Kọ́múréèdì Jethro! Ajàfẹ́tọ̀ọ́-Má-Sinmi! Agbẹnusọ Àwọn Tí Kò Rán An Níṣẹ́! Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sára káàdì pélébé tó ń pín kiri pé òun ni "Ohùn Àwọn Tí Kò Lóhùn". Àwọn tó ń wí náà lóhùn dáadáa o. Òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ní ọdún tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí kò mú omi jáde, Kọ́múréèdì gbé mẹ́gáfóònù rẹ̀ síta, ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko pariwo pé ìlú kò ní gbà. Ní ọjọ́ kẹrin, agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ kànga náà gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun ti ń dun Kọ́múréèdì. Kò sí dókítà tó mọ orúkọ àìsàn ọ̀hún, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ìró rẹ̀ bó bá ti tan iná.

Ìgbà tó yá ni ìròyìn dé pé àpérò àgbáyé kan lórí ọrọ̀ ajé epo pupa máa wáyé ní Okitipupa. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló fẹ́ rán aṣojú wá. Wọ́n kun ògiri. Wọ́n lé ewúrẹ́ kúrò lójú títì. Wọ́n dí kòtò kan tí àwọn ọmọ bá níbẹ̀ tí àwọn náà fi di òbí. Wọ́n wá ń pín ìwé ìpè. Àwọn ìjòyè gbà, àwọn olùkọ́ àgbà gbà, ọkùnrin tó ń yáni ní àga gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá.

Kọ́múréèdì ń retí tirẹ̀.

"Mildred," ó pe ìyàwó rẹ̀, "ṣé kò sẹ́ni tó mú ìwé wá fún mi?"

"Ẹnìkan mú ìwé wá láàárọ̀."

Kọ́múréèdì fò dìde. "Kí ló dé tó ò tètè sọ? Ìwé wo?"

"Ti ìsìnkú bàbá Àlàmú."

Ohun tó tún dá kún ìbànújẹ́ rẹ̀ ni pé ó gbọ́ pé àwọn àlejò máa mú ẹnìkan tó lè gbẹnu sọ fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sí àpérò tó kàn ní Màléṣíà. Kọ́múréèdì kì í ṣe àgbẹ̀. Ẹyìn ọ̀pẹ tó wà lórí igi kò yàtọ̀ sí àgbọn lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ti rí ara rẹ̀ nínú bàálù. Ó lọ ra kóòtù onírun kan tó nípọn bíi tìmùtìmù, nítorí òtútù Màléṣíà. Ta ni yóò sọ fún un pé oòrùn Màléṣíà kò rẹlẹ̀ sí ti Okitipupa?

Àwọn kan wà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi láti bá àpérò náà sọ. Ìwé kan wà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí níbẹ̀, ó ní kí wọ́n ti gbogbo ẹbu epo kéékèèké pa, kí gbogbo ẹyìn máa lọ sí iléeṣẹ́ ńláńlá nìkan. Juliet, opó tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe epo ní Ìlútítun, gbọ́, kò lè jẹun. Inú ẹbu yẹn ló ti tọ́ ọmọ mẹ́rin. Òun àti àwọn àgbẹ̀ Iyansan jọ kọ lẹ́tà kan, àwọn tí kò lè kọ orúkọ wọn tẹ ìka sí i. Wọ́n ní àwọn á wọ́de lọ fi lẹ́tà náà lé àwọn àlejò lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn àpérò. Nítorí pé ọmọ ìjọ Aládúrà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ní kí oníkálukú wọ sùtánà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n ní jàǹdùkú.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣèpàdé nígbà tí Kọ́múréèdì wọlé, bàtà lọ́wọ́, mẹ́gáfóònù ní èjìká.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó gbé mẹ́gáfóònù sẹ́nu, ó ké. "Mo ti dé!"

"Ẹ káàbọ̀, sà," Juliet dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu. Inú ilé la wà."

"Ìwọ́de tí kò bá ti sí Jethro ńbẹ̀, ìrìn lásán ni."

"Ìrìn lásán náà la fẹ́ rìn, sà. Ṣé ẹ mọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ ń rìn?"

"Ìyà tó ń jẹ wá!"

"Ìyà wo?"

Kọ́múréèdì wo òkè àjà, ó wo àwọn fìtílà orí pẹpẹ. "Gbogbo ẹ̀," ló wí.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ní kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ lé wọn, pé mẹ́gáfóònù rẹ̀ á wúlò. Juliet gbà, ó sì fi ohun kan ṣe àdéhùn: kò gbọdọ̀ sí òkúta, kò gbọdọ̀ sí táyà jíjó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ba nǹkan jẹ́. Kọ́múréèdì búra níwájú pẹpẹ. Òun náà béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ìwọ́de náà gba iwájú ilé òun kọjá.

"Ọ̀nà yẹn jìn, sà," Juliet wí.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé rí yín àbí ẹ ò fẹ́?"

Ayé tó ń wí náà, Mildred ni. Ìyàwó rẹ̀ ti wí fún un lójú àwọn aládùúgbò pé òun kò tíì rí ẹnikẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e rí, àfi adìẹ.

Láti ibẹ̀, Kọ́múréèdì kò yà síbòmíràn, ó di ọ̀dọ̀ Lérè, ọkùnrin kan báyìí tó jẹ́ olórí àwọn ìpáǹle inú gáréèjì.

"Lérè, gbọ́ dáadáa. Bí ẹ bá ti rí áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́ mi, kí ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Kí la máa bẹ̀rẹ̀?"

"Òkúta! Ẹ fọ́ gíláàsì. Ẹ má fọwọ́ kan ènìyàn o, gíláàsì nìkan."

"Gíláàsì èwo, ọ̀gá?"

"Èyí tó bá wà níwájú yín! Kí ló dé tí ìbéèrè rẹ pọ̀ tó báyìí? Bí mo bá wá na ọwọ́ mi méjèèjì sókè, kí gbogbo yín dákẹ́, kí ẹ kúnlẹ̀."

"Kúnlẹ̀ kẹ̀?"

"Kúnlẹ̀! Àwọn òyìnbó gbọ́dọ̀ rí i pé bí ìlú yìí bá gbaná, èmi nìkan ni mo lè pa á. Ta ni wọ́n á wá gbé lọ sí Màléṣíà? Juliet elépo?"

Ó ṣèlérí pé Lérè ló máa bá òun gbé báàgì lọ sí Màléṣíà. Lérè gbà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, oòrùn mú kankan. Aṣọ funfun bo títì. Láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ wọn, Ìyá Ìjọ ṣíwájú, Juliet wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, àwọn akọrin ń kọrin tẹ̀ lé wọn. Àwọn àgbẹ̀ Iyansan gbé páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí. Kọ́múréèdì dá dúró lórí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó wọ kóòtù Màléṣíà rẹ̀, ó sì ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó ní kí àwọn àlejò lè rí i pé òun ti ṣe tán ìrìn àjò. Lérè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́bàá gọ́tà, òkúta kún àpò wọn, ojú wọn kò kúrò lára ọ̀gá wọn.

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Kọ́múréèdì. Ó ń ti orí rẹ̀ bọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ sí i. Nígbà tí wọ́n máa fi dé iwájú ilé Kọ́múréèdì, kò ríran dáadáa mọ́.

Mildred wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn aládùúgbò yí i ká. Kọ́múréèdì rí i fírífírí. Ọjọ́ ológo rẹ̀ rèé! Ṣé ojú tó ń ṣomi bẹ́ẹ̀ yẹn ni ìyàwó á wò? Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó fa áńkáṣíìfù yọ, funfun báláú, ó nu ojú rẹ̀.

Gbàù!

Wíńdò pálọ̀ fọ́. Gbàù! Ti yàrá fọ́. Àwọn aládùúgbò sá wọlé, àwọn akọrin dákẹ́. Gíláàsì ń já bọ̀ sójú títì bí yìnyín.

Kọ́múréèdì gbé mẹ́gáfóònù sẹ́nu. "Kì í ṣe ibí! Ẹ̀yin òmùgọ̀, kì í ṣe ibí! Gbọ̀ngàn! Gbọ̀ngàn àpérò ni mo ní kí ẹ lọ fọ́!"

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Mẹ́gáfóònù tuntun ni.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pariwo náà ló ń ju áńkáṣíìfù lọ́tùn-ún lósì láti lé wọn, bẹ́ẹ̀ àmì tó fún àwọn ènìyàn rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti jù ú, wọ́n á tún sọ̀kò. Kò ṣẹ́ ku wíńdò kan ní iwájú ilé kí ọpọlọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Ó sọ mẹ́gáfóònù sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Òkò dáwọ́ dúró. Lérè àti gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ kúnlẹ̀ gbì.

Ìgbà náà gan-an ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn àlejò lọ sí gbọ̀ngàn já sí ìta náà, mọ́tò ọlọ́pàá níwájú, àwọn oníròyìn lẹ́yìn. Wọn kò lè kọjá. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin àgbà tó jẹ́ olórí àwọn àlejò yọjú, òun àti Tóyọ̀sí, ọmọbìnrin ògbufọ̀. Wọ́n wo ilé tí kò ní gíláàsì mọ́. Wọ́n wo ọkùnrin oníkóòtù tó nawọ́ sókè. Wọ́n wo àwọn tó kúnlẹ̀ fún un.

Lérè gbé orí sókè.

"Ọ̀gá," ó wí, "ṣé a ti lè dìde?"

"Èmi kò mọ àwọn wọ̀nyí rí!" Kọ́múréèdì figbe ta. "Ọ̀tá ìlọsíwájú ló rán wọn!"

"Ẹ ò mọ̀ wá?" Ó dun Lérè wọ eegun. Ó dìde fúnra rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní bí a bá ti rí áńkáṣíìfù, ká fọ́ gíláàsì? Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní bí ẹ bá nawọ́ sókè, ká kúnlẹ̀, kí àwọn òyìnbó lè gbé yín lọ sí Màléṣíà? Mo tiẹ̀ béèrè pé gíláàsì èwo!"

Tóyọ̀sí ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún àlejò. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó dé ibi Màléṣíà, ọkùnrin àlejò kan tó ti orílẹ̀-èdè náà wá na ọrùn láti inú bọ́ọ̀sì, ó wo kóòtù yẹn títí, ó béèrè nǹkan.

"Ó ní ta ni ará ibí yìí fẹ́ lọ wọ ìyẹn fún?" Tóyọ̀sí wí.

Ẹ̀rín bú jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ìta dé òpin rẹ̀. Juliet nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kọ́múréèdì," ó wí, "níwájú pẹpẹ lẹ ti búra. Ká ní ibi gbọ̀ngàn lẹ ti nu ojú yín ńkọ́? Ta ni ì bá ka lẹ́tà àwọn tó ń fọ́ ilé? Ẹbu wa ni ì bá lọ sí i."

Kọ́múréèdì la ẹnu. Ọ̀fun rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, lọ́tẹ̀ yìí láìsí jẹnẹrétọ̀.

Juliet na lẹ́tà náà síwájú, ṣùgbọ́n kò lè gbẹ́sẹ̀. Gíláàsì yí i ká, kò sì wọ bàtà. Ìyá Ìjọ náà kò lè mira, àwọn akọrin kò lè mira. Olórí àlejò rí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó rin orí gíláàsì náà kẹ̀ẹ́rẹ́kẹ̀ẹ́rẹ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Juliet, ó sì gba lẹ́tà náà ní ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kí Juliet wá wọ bọ́ọ̀sì, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ní gbọ̀ngàn.

"Báwo ni mo ṣe máa dé ibẹ̀, mà?" Juliet béèrè.

Ọ̀gá ọlọ́pàá bojú wò yíká. "Ta ló ni ilé yìí?"

"Èmi ni," Kọ́múréèdì dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ta ló pe àwọn tó fọ́ ọ?"

Mildred ló fèsì. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ má dà á láàmú, sà," ó wí. "Jethro, gbà. Ènìyàn púpọ̀ ló tẹ̀ lé ọ lónìí. Gbálẹ̀ fún wọn."

Níṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, níwájú kámẹ́rà mẹ́rin, Ohùn Àwọn Tí Kò Lóhùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó bọ́ kóòtù. Ọ̀nà Juliet ló kọ́kọ́ gbá, Juliet sì wọ bọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà máa fi ṣú, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ títi ẹbu pa kúrò nínú ìwé àpérò, títí àwọn àlejò yóò fi lọ fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń ṣe epo ní Ìlútítun.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán yẹn, iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Wọ́n ti kó Lérè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú mọ́tò ọlọ́pàá, wọ́n sì fi àyè ẹnìkan sílẹ̀ ní àárín wọn.

"Ẹ fara balẹ̀ gbá a, sà," ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Ọkọ̀ ń dúró dè yín."

Ìyá Ìjọ ṣì wà lójú kan nínú sùtánà rẹ̀, ó na ìka sísàlẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí, "ó ku ẹyọ kan. Ó wà lẹ́bàá ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi yìí."

Kọ́múréèdì Jethro kúnlẹ̀, ó ṣà á.