Akọpẹ Tó Ń Fi Òkèlè Ránṣẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Ìdí-Ọ̀pẹ fi ń pa á lówe pé òkèlè tí a gbé mì kì í jíṣẹ́? Ẹlòmíràn nínú yín á ní nítorí pé òkèlè kò lẹ́sẹ̀ ni. Òótọ́ ni, kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò lẹ́sẹ̀, ó sì ń dé ibi tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ fara balẹ̀. Inú àwo ọkùnrin kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, orí ọ̀pẹ ló sì parí sí.

Ògúnkọ̀yà lorúkọ ọkùnrin náà, akọpẹ ni. Kò sí ọ̀pẹ tó ga jù fún un. Bó bá ti sán igbà, tó fẹsẹ̀ kan ìdí ọ̀pẹ, kí o tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ó ti dé òkè. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kí i, á mi orí. Bí wọ́n bá bú u, á mi orí bákan náà. Igbe kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni èyí tó máa ń ké láti orí ọ̀pẹ, kí ìdì ẹyìn má baà já lu ẹni tó ń kọjá lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Àyọ̀ká. Àwo kan náà ni bàbá àti ọmọ jọ ń jẹun, láti ìgbà tí ọmọ ti ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọbẹ̀. Àṣà kan sì wà láàárín wọn: òkèlè tó bá kẹ́yìn nínú àwo, ti Àyọ̀ká ni. Ebi ìbáà máa pa Ògúnkọ̀yà bí ẹni tó tajà dé, á fa ọwọ́ sẹ́yìn, á wo òkè àjà bí ẹni tí aláǹtakùn ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ á sì gbé òkèlè náà. Kò sọ fún un lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Òkèlè yẹn ló ń bá a sọ ọ́.

Nígbà tó yá, Àyọ̀ká lọ sílé ọkọ ní Òkè-Odò. Kò jìnnà, ẹni tó bá jáde láàárọ̀ lè lọ kó sì bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ilẹ̀ wọn kò gba bàbá ìyàwó láyè láti yọjú sílé àna rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Wọ́n á ní oúnjẹ ló ń wá kiri. Ìyàwó tuntun pẹ̀lú kì í dédé padà wá sílé bàbá rẹ̀, àfi bí bàbá bá ránṣẹ́ pè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní ó ti kọ ọkọ. Iṣẹ́ rírán nìkan ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ná ọjà Òkè-Odò ló lè jẹ́ ẹ. Kí Ògúnkọ̀yà ṣáà ti la ẹnu ni.

Ó la ẹnu lóòótọ́. Oúnjẹ ló fi sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó lọ, ó gún iyán ẹni méjì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ti ẹnì kan. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ku òkèlè kan. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo òkè àjà. Nígbà tó máa wo ilẹ̀, òkèlè náà ṣì wà níbẹ̀. Ó tún wo òkè, ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Òkèlè kò kúrò. Ó mú òkèlè náà, ó gbé e súnmọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí fún un, ó ní, "Bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ilé wọn ń jò." Ó gbé e mì.

Ara tù ú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó rántí pé ìpín ọmọ lòun jẹ yẹn. Ojú tì í. Ó bá gún iyán díẹ̀ sí i láti fi dípò èyí tó jẹ. Iyán náà sì ní òkèlè tó kẹ́yìn.

Kí oṣù tó parí, iṣẹ́ tó ń rán nírọ̀lẹ́ kan ti di mẹ́wàá. Òkèlè kan á lọ béèrè bóyá ìyá ọkọ ń pariwo mọ́ ọn. Òmíràn á lọ sọ pé adìẹ funfun tó fi sílẹ̀ ti pa ọmọ mẹ́fà. Bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ á pọ̀ nítorí ilé tó ṣeé ṣe kó máa jò. Bí oòrùn bá mú, iṣẹ́ á pọ̀ nítorí pé ọ̀nà odò lè jìn. Nígbà míì kì í tilẹ̀ rán òkèlè mọ́, Àyọ̀ká gan-an ló máa ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó jókòó sí òdìkejì àwo. Kì í ṣe pé ebi ń pa á. Láti òkèlè kẹẹ̀ẹ́dógún ni ebi ti máa ń dágbére fún un.

Ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ igbà, okùn tí akọpẹ fi ń so ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀pẹ ni. Bó bá fẹ́ gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, á fara mọ́ ọ̀pẹ kí okùn lè dẹ̀, á jù ú, á sì tún fẹ̀yìn tì í. Bí okùn kò bá dẹ̀, kò sí lílọ, kò sí bíbọ̀. Igbà Ògúnkọ̀yà há. Ó ní òjò ló jẹ́ kó súnkì, ó sá a sóòrùn. Nígbà tó tún há sí i, ó ní oòrùn ló jẹ́ kó súnkì. Ó fi okùn ìgbọ̀nwọ́ kan lé e.

Ṣówándé, akọpẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wo igbà náà, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ògúnkọ̀yà, àbí ọ̀pẹ ló ń sanra?"

Ògúnkọ̀yà mi orí.

Ó dúró lọ́jọ́ kan, ó búra pé òun kò ní dáná nírọ̀lẹ́ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi mu omi sùn. Àwo tó ṣófo wá burú ju àwo tó kún lọ, nítorí kò sí òkèlè rárá tó lè rán. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jẹ iṣu tó fẹ́ gbìn.

Ìyá arúgbó kan wà tí ògiri pa ilé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Ògúnkọ̀yà, Ìyá Eléèkùrọ́ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ra ẹyìn Ògúnkọ̀yà fún epo àti èkùrọ́. Màmá yìí ló kọ́kọ́ rí i pé ẹyìn ọ̀pẹ kúkúrú nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ òun. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń ṣa èkùrọ́ lẹ́bàá ògiri nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí Ògúnkọ̀yà, ẹni tí kì í dá ìkíni padà, ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o ń sùn dáadáa? Má jẹ́ kí òtútù mú ọ." Ó yọjú, ó rí ìkòkò ńlá lórí iná. Ó ro ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ìkòkò, ó ní Ògúnkọ̀yà ti gbé ìyàwó, ìyàwó náà sì mọ oúnjẹ jẹ.

Gbogbo ọkùnrin abúlé wá kí i kú oríire. Wọ́n béèrè bóyá òótọ́ ni. Ó mi orí. Wọ́n béèrè bóyá kò tíì fẹ́ kí ayé rí i ni. Ó tún mi orí. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà dé Òkè-Odò. Ẹ kò rí nǹkan: iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí rán fún oṣù mẹ́fà kò dé ọ̀hún, èyí tí kò rán ló dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Eléèkùrọ́ sọ fún un pé bí kò bá ti lè kọ ọ̀pẹ gíga etídò mọ́, òun á máa ra ti Ṣówándé. Ṣówándé wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má yọ ọkọ ìyàwó lẹ́nu, ẹni tó lóúnjẹ nílé kì í bá ẹyẹ jìjàdù. Ògúnkọ̀yà kò mi orí lọ́jọ́ yẹn. Ó di ẹ̀kọ mẹ́jọ àti àkàrà sínú àpò, ó ní ìgbà tóun bá sọ̀kalẹ̀ tán lòun máa jẹ ẹ́, ó kọrí sí etídò.

Ó gùn ún. Ààyè ìka méjì péré ló kù láàárín ikùn rẹ̀ àti ọ̀pẹ, ó fi ìka méjì náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó dé òkè. Kó tó yọ àdá, ó wo iwájú. Láti orí ọ̀pẹ yẹn, Òkè-Odò hàn kedere. Ó rí òrùlé tuntun kan, ó rí èéfín tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan kò sọ fún un, ó mọ̀ pé iná Àyọ̀ká ni.

Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àpò. Òun kọ́ ló rán an. Ẹ̀kọ àkọ́kọ́ lọ kí ọmọ. Ẹ̀kọ kejì lọ béèrè ohun tó ń sè. Nígbà tó fi máa mọ̀, ewé mẹ́jọ ti ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àkàrà ti tán, ikùn rẹ̀ sì ti gba ààyè ìka méjì. Ó fara mọ́ ọ̀pẹ kí igbà lè dẹ̀. Igbà kò dẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Igbà dì í mọ́ ọ̀pẹ bí ìyá tó pọn ọmọ.

Ewé ẹ̀kọ ló pe àwọn èèyàn. Wọ́n wo òkè, wọ́n rí i. Kò pẹ́ tí gbogbo abúlé fi dé. Ṣówándé ní kí àwọn gé igbà náà. Ìyá Eléèkùrọ́ bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí oúnjẹ dà, ẹlòmíràn bi í pé ẹ̀kọ mẹ́jọ, ìgbà wo ló máa dà? Níkẹyìn wọ́n ní kí wọ́n lọ pe ìyàwó rẹ̀. Ìyá Eléèkùrọ́ lọ. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Kò rí obìnrin kankan, kò rí gèlè, kò rí bàtà. Àpótí ìjókòó méjì ló rí, àwo kan láàárín wọn, àti òkèlè àná kan tó ti gbẹ.

"Ògúnkọ̀yà," ló pè é, "ta lo máa ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé?"

Ògúnkọ̀yà mi orí.

"Orí mímì kọ́ la béèrè."

Ohùn rẹ̀ wá láti òkè. "Òkèlè ni, Màmá. Mo ń rán an sí Àyọ̀ká."

Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà wò ó, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ìyá ní ẹni tó mọ ẹ̀rín rín á mọ eré sá, kó múra Òkè-Odò. Ó wá kọjú sókè: kí ni kí Ṣówándé sọ? Bàbá ló ń ránṣẹ́, kì í ṣe aládùúgbò. Ògúnkọ̀yà sọ nǹkan kan sínú imọ̀ ọ̀pẹ.

"Adìẹ mi pàápàá kò gbọ́," ni Ìyá Eléèkùrọ́ wí.

Ògúnkọ̀yà bá fi ohùn tó fi ń kìlọ̀ nítorí ẹyìn ké e, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ bo orí: "Ẹ sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ mí! Kó wá kí mi!"

Bí èémí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde, igbà dẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná. Kò sí ẹni tó rí i àfi òun.

Oòrùn ti yẹ àtàrí kí Àyọ̀ká tó dé. Ó ti rù, ìró rẹ̀ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀ sídìí ọ̀pẹ, ó kí bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni inú tó ti ń bí i láti ọjọ́ yìí wá já sí ẹnu. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ti Ìdí-Ọ̀pẹ wá sọ́jà lòun máa ń bi bóyá bàbá òun rán an. Wọn kì í mú nǹkan wá. Ìgbà tí wọ́n máa mú ọ̀rọ̀ wá, ìyàwó tuntun ni. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti wọ òun lẹ́nu mọ́.

"Mo ránṣẹ́," ni bàbá wí. "Ojoojúmọ́ ni."

"Ta lẹ rán, Bàbá?"

Ògúnkọ̀yà wo ikùn rẹ̀. Gbogbo abúlé wo ikùn rẹ̀.

"Áà," ni Àyọ̀ká wí, "mo ti ń rò ó, ibi tí oúnjẹ mi ń gbà lọ."

Ìyá Eléèkùrọ́ mi orí bíi ti Ògúnkọ̀yà. "Òkèlè tí a gbé mì kì í jíṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Rán wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ti dé."

Ògúnkọ̀yà wú ikọ́. "Ǹjẹ́ ilé yín ń jò?"

"Kò jò, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. Igbà dẹ̀, ó jù ú sísàlẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ó béèrè ìyá ọkọ. Àyọ̀ká ní ó ń pariwo, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ló dí, gbogbo ayé ló ń pariwo mọ́. Ó tún mí, ó tún sọ̀kalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ adìẹ àti ọmọ mẹ́fà. Ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà odò àti òtútù. Nígbà tó dé àárín ọ̀pẹ, wọ́n gbé àpótí fún Àyọ̀ká, nítorí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó rọra sọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn méjì nìkan ló sì gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gún iyán ẹni méjì. Ó ku òkèlè kan. Bàbá wo òkè àjà. Ọmọ náà wo òkè àjà, ó ní òun ti yó. Bàbá ní òun náà yó, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Wọ́n ń ti òkèlè síra wọn títí Ìyá Eléèkùrọ́, tó wá kí ọmọ, fi gbé e jẹ, tó sì ní ọbẹ̀ náà fẹ́ iyọ̀ díẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ ọjà kan kì í kọjá kí Ògúnkọ̀yà má ránṣẹ́ sí Òkè-Odò, títí tí Ṣówándé fi ń ké pé òun kò rí ibi tóun máa kó ọ̀rọ̀ sí mọ́. Igbà rẹ̀ sì gùn padà. Ó ní ọyẹ́ ló fà á gùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ẹni tó fa ojú ro, tó ń bu oúnjẹ lé oúnjẹ ní Ìdí-Ọ̀pẹ, wọn kì í gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á kàn bi í pé, "Ta lo fẹ́ rán an sí?" Bó bá ní kò sẹ́ni, ebi ló ń pa òun, wọ́n á fi ẹran kún un. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, tó ń mi orí, wọ́n á fi ọ̀nà Òkè-Odò hàn án, wọ́n á ní kó dìde kó fẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kó tó di pé wọ́n máa wá a lórí ọ̀pẹ: òkèlè tí a gbé mì kì í jíṣẹ́.