Kọ̀ǹpútà Tí Ẹnjiníà Tò fún Àna Rẹ̀

Yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn pálọ̀ ni. Màmá tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin jókòó sórí àpótí, ó gbé makirofóònù lé itan. Ẹnjiníà tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà lóṣòó níwájú kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò, èyí tí kò ní ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí gbogbo ìfun rẹ̀ wà níta. Láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ ni wọ́n ti fa gbogbo iná yàrá náà wá. Tábìlì sì kéré, nítorí náà ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àpótí dúdú pẹlẹbẹ tí ètò ìgborinsílẹ̀ wà nínú rẹ̀ wà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ẹnjiníà," ni Màmá wí, "aago mẹ́ta ti lù. Aago mẹ́rin géérégé ni ilé iṣẹ́ rédíò ò ní gba orin mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe orin yìí o. Ṣé ètò yẹn máa wọlé?"

Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kì í dá àgbà lóhùn lórí ìdúró, àgàgà àgbà tó bí ọmọ tó wù ú.

"Ẹ má mikàn rárá, Mà. Ẹni tó tò ó ló wà níbí."

"Ó dáa. Bó bá ṣiṣẹ́, màá pè ọ́ ní ọkọ ọmọ mi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Ẹnjiníà ni wàá máa jẹ́ lọ."

Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wo kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: *Ètò kò wọlé. Fáìlì ti sọnù.*

"Kí ló wí?"

"Mẹ́mórì ni, Mà. Ó ń gbàgbé nǹkan."

"Kọ̀ǹpútà tí o tò lánàá ló ti ń ṣarán? Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mi ò tíì gbàgbé pé o ní ìṣẹ́jú márùn-ún lo máa fi ṣe é."

Ẹnjiníà pa á, ó yọ mẹ́mórì, ó fẹ́ ẹ fùú, ó tì í padà, ó tún tàn án. Ètò bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ogún. Ọgbọ̀n.

"Ó ń lọ!" Màmá pàtẹ́wọ́.

"Ó gbọ́dọ̀ lọ, Mà. Ẹ̀rọ mọ ọ̀gá ẹ̀."

"O káre, ọmọ dáadáa."

Irú ìyìn báyìí kọ́ lèèyàn ń dúró gbà lọ́dọ̀ àna. Ẹnjiníà tún na gbalaja. "Ẹ ṣeun, Mà!"

*Ètò kò wọlé. Fáìlì ti sọnù.*

"Háà!" Ẹnjiníà họ orí. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo àjà, lẹ́yìn náà ló wá wo Màmá. "Mà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ kọrin ni?"

"Mo kàn kùn ún lẹ́nu ni."

"Òun náà nìyẹn! Ohùn yín lágbára, Mà. Ó ń mi àwọn ìdè inú ẹ̀rọ."

"Ohùn tí mo ní kó gbà sílẹ̀ ló ń bẹ̀rù?"

"Kò tíì mọ̀ ọ́n lára ni. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Díẹ̀ sí i, Mà. Díẹ̀ sí i."

Màmá sún títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ìlẹ̀kùn. "Ṣé kí n kúkú máa lọ ilé àwọn aládùúgbò?"

"Ẹ̀gbà ọrùn yín yẹn náà, Mà. Irin máa ń fa iná ẹ̀rọ. Ẹ bá mi bọ́ ọ."

"Bàbá ọmọ tí ò ń fẹ́ ló rà á fún mi! Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún lọ́rùn mi, kò ba rédíò jẹ́ rí, kò ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́ rí." Ó bọ́ ọ, ó ń kùn. "Ta ni mo jẹ́? Mi ò sáà mọ nǹkan kan."

Ẹnjiníà tún bẹ̀rẹ̀ ètò, ó sì sáré jáde lọ wá tọ́ṣì tó fi sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Bó ti jáde báyìí, Màmá wọ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ padà. Ó wọ́ àpótí rẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó gbójú sókè, ó sì ki orin bọlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá jà. Ogójì. Ọgọ́ta. Ọgọ́rin. Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ wúkọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, Mà! Mo ti dé!" Gbàgà! Ẹnjiníà ti wà nílẹ̀.

*Ètò kò wọlé. Fáìlì ti sọnù.*

Màmá ò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Àyà Ẹnjiníà ló ń wò, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹnjiníà, tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó di ogún.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Gbàgà! "Wọ́n wà, Mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

*Fáìlì ti sọnù.*

"Tún un ṣe. Ìyá rẹ ńkọ́?"

Gbàgà! "Àlàáfíà ni wọ́n wà, Mà!"

*Fáìlì ti sọnù.*

Èjìká Màmá ń mì, omi ẹ̀rín ti bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnjiníà rò pé ẹkún ni. Kò tilẹ̀ dìde mọ́. "Mà, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má tìtorí kọ̀ǹpútà gba ọmọ yín lọ́wọ́ mi! Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é mọ́. Mo ti sọ òtítọ́."

"Níkẹyìn! Ó yá, wo abẹ́ àyà rẹ."

Ó wò ó. Wáyà àpótí dúdú ló tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tẹ wáyà náà, ẹnu wáyà yẹ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó gbé ìka kúrò, ó padà síbẹ̀.

"Ohùn mi lo kọ́kọ́ dá lẹ́bi," ni Màmá wí. "O lé mi dé ẹnu ọ̀nà. O bọ́ mi lẹ́gbà ọrùn."

"Ẹ forí jì mí, M—" Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀.

"Dúró níbẹ̀! Bí o bá fi àyà kan ilẹ̀ yìí kí ètò yìí tó wọlé, o ò rí ọmọ mi fẹ́!"

"Kí n wá bẹ àna lórí ìdúró, Mà? Kí ni wọ́n máa sọ nílé wa?"

"Wọ́n máa sọ pé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Jókòó lé ọwọ́ rẹ."

Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń làágùn. Màmá tilẹ̀ sín, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà" sì fẹ́ gbé Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ó fi ìdí tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọgọ́rin. Àádọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún! Ètò wọlé. Màmá kọrin lẹ́ẹ̀kan péré, kò ṣì í. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́rin lù, orin gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, rédíò sì dáhùn pé àwọn ti rí i.

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn!" Màmá fò sókè. "Ọkọ ọmọ mi!"

Ọkọ ọmọ! Orúnkún Ẹnjiníà yẹ̀.

"Níta!" Màmá fọwọ́ tì í lẹ́yìn. "Ojúlówó iṣẹ́ mi ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Pálọ̀ ni kó o ti lọ dúpẹ́!"

Ó sáré lọ sí pálọ̀. Màmá gbọ́ ohùn rẹ̀ gbọnmọgbọnmọ: "Ẹ ṣeun gan-an, Mà! Ẹ ó jèrè ọmọ!"

Gbàgà!

Kọ̀ǹpútà kú. Gílóòbù kú. Fáànù fẹsẹ̀ wọ́ díẹ̀, òun náà kú. Inú òkùnkùn, Màmá mí kanlẹ̀.

"Dìde lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ ọmọ mi. Mo ti fún ọ lọ́mọ. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má dúpẹ́ mọ́!"