Fọ́tò Uncle Ọládèjì tí Béárì Buwọ́ Lù

Ẹ jẹ́ ká kí Uncle Ọládèjì dáadáa. Tí a ò bá kí i dáadáa, á padà síta, á tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kí a lè kí i bó ṣe yẹ.

Ọládèjì Thamesmead! Ọkọ Bernice! A-rí-kámẹ́rà-gbé-àgbọ̀n-sókè! Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ mẹ́sàn-án wà ní pálọ̀, tí ti ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Uncle Ọládèjì mọ ara rẹ̀ lágbà, ó sì tún bá adìẹ náà mọ tirẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ó ń wà á dáadáa. Ṣùgbọ́n tí o bá bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní, "Mo wà ní transport." Á wá dákẹ́ díẹ̀, kí o lè rò pé mínísítà ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá láyé. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe alága ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Plumstead High Street, ní ìlú ọba níbí. Àga ńlá ni alága ìkórè máa ń jókòó lé. Tó bá ń wọlé, gbogbo ìjọ á dìde. Ọdún mẹ́rin ni Uncle Ọládèjì ti ń wo àga yẹn, bí ológbò ṣe ń wo ẹja inú fírísà.

Bíyìí ni ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Òun àti àbúrò rẹ̀, Títí, ọmọ ọdún méje, ń gbé ní Woolwich Dockyard. Ní oṣù kìíní, Mummy wọn gba tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n lọ lo ọjọ́ méje nínú ọkọ̀ ńlá lórí òkun. Ní oṣù kẹta, Mummy kú.

Tíkẹ́ẹ̀tì ò kú.

Uncle Ọládèjì wá kí wọn. Ó sunkún. Ẹkún tòótọ́ ni, a ò ní purọ́ mọ́ ọn, àbúrò rẹ̀ ni. Ó nu ojú tán, ó ní:

"Bíyìí, àyè ìyá yín nínú ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Uncle, a ò tíì rò ó."

"Ẹ má wulẹ̀ rò ó. Mo ti bá yín rò ó. Kò dáa kí àyè òkú ṣófo. Èmi ni màá bá a jókòó síbẹ̀."

Ó bá a jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, tòun ti fìlà captain, funfun, olókùn wúrà, tó rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ omi kan ṣoṣo tó ti wọ̀ ní ìlú ọba ni Woolwich Ferry, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí èèyàn ò sì ní jókòó gbóná kó tó sọ̀.

Àwọn ẹranko kan wà nínú ọkọ̀ ńlá náà. Èèyàn ló wà nínú wọn, aṣọ onírun ni wọ́n gbé wọ̀, orí wọn tó àgbá omi. Béárì kan wà tó múra bí atukọ̀, Captain Bramble lorúkọ rẹ̀. Pẹ́ńgúìnì kan wà, Admiral Waddle. Akàn pupa kan wà, Sir Snip. Ẹja kan wà tó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, Lady Pearl. Àwọn ọmọdé á tò sórí ìlà, ẹranko á dì mọ́ wọn, á sì buwọ́ lu ohun tí wọ́n bá mú wá.

Páálí ni Títí mú wá. Páálí funfun, ó fẹ̀ bí tíréè oúnjẹ. Wọ́n gé àárín rẹ̀, kí fọ́tò lè máa yọjú níbẹ̀. Etí rẹ̀ tó yí ihò náà ká ni àwọn ẹranko máa ń buwọ́ lù. Mummy ló ti rà á sílẹ̀.

"Fọ́tò Mummy ni mo máa fi sáàárín," Títí sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kí gbogbo wọn lè yí i ká."

Bíyìí dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n tò. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tò.

Kí ni Uncle ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn? Uncle ń ya fọ́tò.

"Bíyìí, gba fóònù mi. Yà mí níbi àtẹ̀gùn yìí. Ó dáa. Yà mí níbi èso. Ó dáa. Yà mí pẹ̀lú àwọn ẹranko yìí bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé. Ó dáa. Wàyí o, yà mí bí ẹni pé mi ò mọ̀ pé o ń yà mí."

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ojú Uncle ṣèèṣì bọ́ sára páálí Títí. Ó kà á. Ó tún un kà. Captain. Admiral. Sir. Lady. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí iná mọ́tò.

"Títí, gbé e wá."

"Uncle, it's for Mummy's picture."

"Mummy ẹ máa dúró. Ẹni tó ti dé ọ̀run kì í kánjú."

Bíyìí dá sí i. "Uncle, béárì ni Captain Bramble o."

"Ṣé mo ní kì í ṣe béárì ni? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Captain."

"Ṣé èmi ni mo kọ ọ́? Èmi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ohun tí wọ́n bá kọ ni màá kà."

Báyìí ni fọ́tò Uncle Ọládèjì, fìlà rẹ̀ lórí, ṣe wọ inú ihò tí wọ́n gé sílẹ̀ fún Mummy. Ó wá férémù aláwọ̀ wúrà kan, ó gbé páálí náà sínú rẹ̀. Títí ò sunkún. Ìyẹn ló dun Bíyìí jù.

Wọ́n padà sílé. Uncle dé fìlà náà lọ wọ Woolwich Ferry. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní kó sún sẹ́yìn ìlà. Uncle mi orí, ó ní, "I understand, colleague."

Ó wá ku Sọ́ńdè ìdúpẹ́.

Bíyìí ló máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri. Uncle gbé fóònù fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Gbogbo fọ́tò inú ẹ̀ ni kó o gbé síbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀, Uncle? Wọ́n lé ní igba. Ẹ jẹ́ kí n yọ díẹ̀ kúrò."

"O ò ní yọ ẹyọ kan. Ṣé o fẹ́ kí ìjọ Ọlọ́run pàdánù ni?"

Nígbà tó tó àsìkò ìdúpẹ́, Uncle jó wá síwájú, férémù wà láyà rẹ̀. Auntie Bernice ń jó bọ̀ lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Títí jókòó ní ìlà àkọ́kọ́. Ó ń wo páálí náà bí ẹni tó rí bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Haleluyah!"

"Ẹ má wò mí báyìí o, ará! Lórí omi, àwọn èèyàn ńlá dá mi mọ̀. Ẹ wò ó! Captain Bramble buwọ́ lù ú. Admiral Waddle buwọ́ lù ú. Sir Snip buwọ́ lù ú. Lady Pearl, obìnrin ọlọ́lá, buwọ́ lù ú!"

"Háà!" ni ìjọ ń wí. Màmá Ọlábísí, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń se oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, di orí mú. "Admiral! Ọ̀gá ológun ojú omi pátápátá!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Pásítọ̀ lára. Ó dìde. "Ará, irú àwọn èèyàn báyìí, àdúrà ni wọ́n nílò. Ẹ bá mi dìde."

Gbogbo ìjọ dìde. Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Pé kí Olúwa fún Captain Bramble ní ọgbọ́n láti máa tukọ̀ rẹ̀. Pé kí òtútù má ṣe mú Admiral Waddle. Pé kí ọwọ́ Sir Snip má ṣe rọ. Pé kí omi má ṣe gbé Lady Pearl lọ.

Bíyìí ti ki orí bọ abẹ́ tábìlì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti oṣù kẹta, kò tíì rẹ́rìn-ín tó báyẹn. Àmín Uncle Ọládèjì ló sì dún ju ti gbogbo ìjọ lọ.

"Alàgbà," Pásítọ̀ ní, "ṣé a lè pe àwọn àlejò yìí wá síbi ìkórè wa?"

Uncle wo Pásítọ̀. Ó wo àga ńlá. Àga ńlá náà wò ó.

"Captain ti gbà. Ó fọwọ́ sọ̀yà fún mi."

Ẹni tí kò ní purọ́ nílé Ọlọ́run.

Màmá Ọlábísí na ọwọ́ sókè. "Alàgbà, kí ni Captain máa ń jẹ? Ká má lọ se ohun tí kò bá a lára mu."

"Ó... ó fẹ́ràn ẹja."

"Ẹ ṣeun. Ẹja la máa sè nìyẹn. Lady ńkọ́? Ṣé òun náà máa jẹ nínú ẹ̀?"

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ fìlà. "Lady kì í jẹ ẹja, Mà."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo rò pé gbogbo wa ti wá mọ ẹni tí alága ìkórè wa ọdún yìí máa—"

Ká ní Uncle dákẹ́ níbí yìí ni! Ká ní ó jẹ́ kí Pásítọ̀ parí ọ̀rọ̀ kan péré! Ṣùgbọ́n ẹni tó ní fọ́tò tó lé ní igba kì í ní sùúrù.

"Ẹ má tíì sọ ọ́, Pásítọ̀! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fọ́tò ná. Bíyìí! Gbé e sójú ògiri!"

Uncle níbi àtẹ̀gùn. "Next!" Uncle níbi èso. "Next!" Uncle tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, tó rọra fa ikùn sínú. "Next! Next!" Nígbà tó tó bí ogójì, àwọn ìyá ti ń yán. Bíyìí rí èyí tó kàn. Ó gbé ìka sókè kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Uncle, ó tó báyìí."

"Mo ní next!"

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí."

"Ará, ṣé ẹ ń wò ó? Ọmọ àbúrò mi rèé o, kò fẹ́ kí ògo mi tàn. Next!"

Bíyìí wo Títí. Títí ń wo páálí.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Béárì gba gbogbo ògiri. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó ń buwọ́ lu páálí funfun. Uncle Ọládèjì ló fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kejì rẹ̀ mú. Uncle ti gbé fìlà sábẹ́ abíyá, ó tẹ eékún, ó tẹrí ba, bí ẹni tó lọ kí bàbá àna rẹ̀.

Àwọn ìyá tó ń yán gbàgbé láti pa ẹnu dé.

Zion, ọmọ ọdún márùn-ún tí àwọn òbí rẹ̀ gbé wọ irú ọkọ̀ yẹn nígbà ọdún Àjíǹde, fò sókè lórí àga. "Mummy! It's Captain Bramble!" Ó sáré bọ́ síwájú, ó ń jó ijó béárì, ó ń ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì.

"Ta ni Captain?" Pásítọ̀ bi í.

Zion nawọ́ sí ògiri. "Him. He's a bear."

"Next!" Uncle kígbe, kí wọ́n lè kúrò lórí béárì. Bíyìí gbọ́ràn. Pẹ́ńgúìnì yọ.

"Admiral!" Zion ní.

"Next!"

Akàn.

"Next! Mo ní next!"

Ẹja. Tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn.

Màmá Ọlábísí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú. Ó wo ògiri dáadáa. "Àbájọ tí Lady ò jẹ ẹja!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn akọrin ń gbá ara wọn lẹ́yìn. "Pásítọ̀," Màmá ò tíì parí, "ṣé akàn la gbàdúrà ọwọ́ fún láti àárọ̀?"

"Mi ò purọ́!" Uncle ń pariwo. "Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà! Ẹ wá wò ó, captain ni wọ́n kọ!"

Pásítọ̀ fi Bíbélì bo ẹnu. "Alàgbà, ẹ ní ó fọwọ́ sọ̀yà fún yín."

"Ọwọ́ onírun wo?" ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn. Wọ́n tún ṣubú lé ara wọn.

Ibẹ̀ ni Títí ti dìde. Ó rìn lọ bá Uncle, ó gbé ojú sókè.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́. Can I have it now?"

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló jẹ́ tìẹ níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Páálí yẹn. Mummy ló rà á. Fọ́tò Mummy ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín gé. Kò sí ẹni tí kò mọ Mummy níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n bá wọn sin ín.

Uncle Ọládèjì wo férémù. Ó wo ọmọ. Ó dojú férémù délẹ̀ lórí pẹpẹ, ó ń fi èékánná tú irin ẹ̀yìn rẹ̀, níṣojú gbogbo ìjọ. Kò tú. Auntie Bernice yọ ìkótí kan nínú irun rẹ̀, ó bá a tú u. Fọ́tò Uncle yọ jáde.

Ó gbé páálí fún Títí. Títí gbà á, ó dúró.

"Gba férémù náà mọ́ ọn," Uncle ní. Ohùn rẹ̀ kéré. Kò wo ẹni tó ń wo òun.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," Màmá Ọlábísí sọ wúyẹ́wúyẹ́, "òun ni yóò ru fọ́tò rẹ̀ délé."

Títí gbé férémù lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bíyìí pa ẹja rẹ́ kúrò lójú ògiri, ó gbé ọ̀rọ̀ orin padà. Ìjọ ń kọrin, ohùn wọn ṣì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Uncle Ọládèjì padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́. Ó gbé e lé itan. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Ó gbé e sábẹ́ àga. Ọmọ kan tẹ̀ ẹ́. Ó mú un jáde, kò mọ ibi tí òun máa gbé e sí mọ́.

"Ẹ mú un wá," Auntie Bernice ní. Ó ti ṣí báàgì rẹ̀.

"Kò ní gbà á. Ó tóbi jù."

"Ẹ mú un wá."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká a sí méjì, ní ọrùn gan-an, ó fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ká a kó lè dúró. Ó tì í sínú báàgì, ó fa síìpù.