Ọba Tó Fọ Orúkọ Orin Dànù

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Shamsu, bí ẹ bá ti fọ orúkọ kúrò lára gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù yín, báwo ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń mọ èyí tí ẹ ń gbé sórí ẹ̀rọ?"

Èmi, ọmọ aládùúgbò wọn, ni mo béèrè bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1978, ní iwájú ilé wọn ní Badagry. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi to ìbéèrè náà pọ̀ nínú ọkàn mi kí n tó lè sọ ọ́ jáde.

Bọ̀ọ̀dá Shamsu wò mí láti òkè délẹ̀. Ó yọ dígí dúdú ojú rẹ̀, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó nù ún, ó sì tún un wọ̀.

"Ọmọ ilé-ìwé," ni ó wí, "ìbéèrè yìí ti kéré jù fún irú èmi. Lọ gbé ńlá wá."

Ni ó bá wọlé lọ. N kò rí ìdáhùn gbà lọ́jọ́ náà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí mò ń wí. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Shamsudeen Ajíbóyè. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi kún un pọ̀ ju ẹrù ọlọ́jà lọ: Dí-Jè Sámúsì, Ọba Ariwo, Kìnnìún Etí Ọ̀sà, Ọkùnrin Tó Ń Fi Abẹ́rẹ́ Kan Ṣoṣo Rán Gbogbo Ìlú Pọ̀. Bí o bá kí i tí o kò dé ibi abẹ́rẹ́, kò ní dá ọ lóhùn.

Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀ àdúgbò láìgba owó iṣẹ́. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ilé ara rẹ̀. Owó epo ń ṣàn nígbà náà, gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ló sì ka ara rẹ̀ sí olórin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó epo ni Bọ̀ọ̀dá Shamsu fi ra tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀, Àlàájà Jẹ̀mílátù, ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù láti àwọn abúlé etí ọ̀sà wá sí ọjà Agbalata. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n, ó sunkún, ó ní òun kò ní jẹun mọ́. Wọ́n ta ọkọ̀ náà. Ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù méjì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin. Láti ìgbà náà, bí Àlàájà bá fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí wọn lókè odò, inú ọkọ̀ tó ti jẹ́ tiwọn rí ni wọ́n ń sanwó wọ̀.

Kutọnu ni Bọ̀ọ̀dá Shamsu ti ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù. Yóò gba Seme kọjá, yóò yan èyí tí páálí rẹ̀ bá tàn yòò, yóò sì padà délé. Tó bá ti dé, á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọpọ́n, á fi ọṣẹ sí i, á sì máa họ bébà àárín rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní ku lẹ́tà kan. Páálí rẹ̀ ńkọ́? Á fi dáná. Ó ní àwọn Dí-Jè ìlú Mowo máa ń wá yọjú wo ẹ̀rọ òun, wọn kò sì gbọdọ̀ mọ orúkọ orin kí wọ́n má baà lọ ra irú rẹ̀.

"Ejò kì í fi ibi tó yé ẹyin sí han àwòdì," ni ó máa ń wí. Èmi kò tíì rí ìwé òwe kankan tí ìyẹn wà nínú rẹ̀.

Ó ní àbúrò obìnrin kan, Àǹtí Ganiyat, tí ń ta bátìrì àti àtùpà ní Agbalata. Rédíò kì í dákẹ́ lórí àtẹ Àǹtí Ganiyat, kí àwọn oníbàárà lè gbà pé bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí orin tó jáde tí etí rẹ̀ kò gbọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni ó wí nígbà kan, "ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ wọn sínú ìwé kí ẹ tó fọ̀ wọ́n."

"Ìwé kí ni? Ta ní í kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú ìwé kó tó dá a mọ̀?"

"Ẹ tún yẹ kí ẹ máa gbọ́ wọn nílé, kí ẹ lè mọ èyí tó bá èkejì mu."

"Kí n máa gbọ́ wọn nílé! Ṣé alásè máa ń jẹun nídìí ààrò ni?"

"Ó máa ń tọ́ ọ wò, bọ̀ọ̀dá mi."

Bọ̀ọ̀dá Shamsu ní kó lọ máa tọ́ bátìrì rẹ̀ wò.

Ní àkókò yìí ni agbaṣẹ́ṣe kan tí ń jẹ́ Ọ̀gá Dosu parí hòtẹ́ẹ̀lì tuntun sí etí ọ̀sà, tí ó sì ń wá ẹni tí yóò máa lu orin níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Iṣẹ́ ọdún méjì ni, owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀. Àlàájà ka oṣù mẹ́wàá lórí ìka ọwọ́ wọn, wọ́n ní bó bá ti pé, ọkọ̀ mìíràn yóò wà lórí omi. Ojú wọn tàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀gá Dosu fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé àdéhùn wá sílé wọn. Ojú ewé méjì ni.

"Ẹ fara balẹ̀ kà á," ni ó wí. "Bí ibì kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ."

Bọ̀ọ̀dá Shamsu gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, bí àwọn oníṣẹ́ńjì Seme ṣe ń yẹ owó wò. Ó mi orí.

"Ọba kì í ka ìwé, Ọ̀gá Dosu. Wọ́n ń kà á fún un ni."

"Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Ẹ má ṣèyọnu! Ẹni tí yóò ra erin kì í ka eyín rẹ̀."

Àǹtí Ganiyat na ọwọ́. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Alátùpà! Kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà?" Ni ó bá fa ìlà gígùn kan tó ká bí ìrù ọ̀bọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. "Mo sì ń kìlọ̀ fún ọ, n kò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ìṣílé. Òórùn kẹrosíìnì ara rẹ yóò bo lọ́fíńdà àwọn àlejò mi."

Ọjọ́ Sátidé náà dé. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì ti kún: àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù láti Seme, àwọn oníṣẹ́ńjì, àwọn ọlọ́jà Agbalata, àti àwọn ará ìlú tí ẹnikẹ́ni kò pè. Àlàájà mú mi dání kí n bá wọn gbé báàgì. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Ọmọ mi nìyẹn, èyí tó wọ dígí."

Wákàtí kìíní lọ dáadáa. Ariwo ni, kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ ara rẹ̀ débi tí yóò fi ṣàríwísí. Bọ̀ọ̀dá Shamsu ń ki ara rẹ̀ lórí makirofóònù, ó ń fi bàtà gíga rẹ̀ lu ilẹ̀.

Ìgbà tó yá ni Ọ̀gá Dosu gba makirofóònù. "Ẹ̀yin àlejò wa, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, àsìkò tó láti béèrè orin tó wù yín. Ẹ sá dárúkọ rẹ̀, Dí-Jè wa yóò lù ú."

"Àsìkò kí ni?" ni Bọ̀ọ̀dá Shamsu wí.

"Ó wà ní ojú ewé kejì," ni Ọ̀gá Dosu dá a lóhùn. "Ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ béèrè."

Ìyá Ọ̀gá Dosu, arúgbó Ẹ̀gùn kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Sewanu, na ọ̀pá wọn sí Bọ̀ọ̀dá Shamsu. "Ovi ṣié, ọmọ mi, bá mi fi *Ọ̀sà Pàdé Òkun* sí i. Òun ni wọ́n lù nígbà tí mo ṣègbéyàwó. Wọ́n ní o ní in."

"Kò sí èyí tí n kò ní!" ni Bọ̀ọ̀dá Shamsu wí. Irọ́ kọ́. Ó ní in. Ó wà nínú àpótí rẹ̀, láàárín ọgọ́fà rẹ́kọ́ọ̀dù tí gbogbo wọn dúdú, tí wọ́n sì rí bákan náà bí àwo tí wọ́n ti jẹ oúnjẹ inú rẹ̀ tán.

Ó fa ọ̀kan yọ, ó lù ú. Orin Kérésìmesì ni. Oṣù kẹjọ la wà. Ó fa òmíràn yọ, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó sì pariwo kí ohùn tó jáde: "Ẹ dìde! Òun gan-an rèé, àmọ́ wọ́n ti tún un ṣe ní Páríìsì! Ẹ gbé ẹsẹ̀!"

Ohùn obìnrin kan jáde, ó tutù, ó mọ́ gaara. "Bọ́njúù, Músíọ̀ Dúpọ̀n," ni ohùn náà wí. "Repetéè!"

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí ní kíláàsì wa. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́ni ní èdè Faransé ni. Repetéè, ẹ tún un wí. Bọ̀ọ̀dá Shamsu kò mọ̀. Ó ti ń jó. Ó ń ju apá, ó ń yí ìdí, ó sì ń pariwo pé, "Ẹ gbọ́ ohùn olórin! Ẹ gbọ́ ohùn!"

Àwọn oníṣẹ́ńjì tí ń sọ Faransé láti àárọ̀ dalẹ́ ní ẹnubodè kò lè mú un mọ́ra. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ilé-ìwé: "Bọ́njúù, Músíọ̀ Dúpọ̀n!"

"Ológìnní wà lórí tábìlì," ni obìnrin náà wí ní èdè rẹ̀. "Repetéè!"

Gbogbo àgbàlá tún un wí.

Ìyá Sewanu mi orí. "Ovi ṣié, èyí kọ́. Ìgbà tí mo ṣègbéyàwó, a kò pe tíṣà síbẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá Dosu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ Bọ̀ọ̀dá Shamsu, ṣùgbọ́n makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ: "Bí orin ìyá mi kò bá dún kí ilé-ìwé yìí tó jáde, àdéhùn wa ti tú."

Àlàájà di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Nurat, sáré. Lọ pe Ganiyat wá."

Agbalata kò jìnnà síbẹ̀. Mo bá Àǹtí Ganiyat níbi tó ti ń nu gíláàsì àtùpà.

"Ó ní kí n má wá," ni ó wí.

"Màmá ló ní kí ẹ wá. Wọ́n fẹ́ tú àdéhùn ká."

Ó fa ìwé eléwé ogún kan yọ lábẹ́ páálí bátìrì, a sì jọ sáré.

Nígbà tí a dé, Bọ̀ọ̀dá Shamsu ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, dígí dúdú rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àǹtí Ganiyat ṣí ìwé rẹ̀. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i sí oòrùn. Àwọn tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ti fín nọ́ńbà wẹ́wẹ́ sí ara rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ ń parí ìrìn rẹ̀ sí, ọṣẹ àti omi gbígbóná kò sì ràn án. Ṣé ẹ rántí pé Bọ̀ọ̀dá Shamsu kọ̀ kó kọ orúkọ àwọn orin náà? Ó ti ń kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, nọ́ńbà àti orúkọ, ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá lọ bu omi.

"Òun rèé," ni ó wí.

Orin náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú fèrè àti gìtá. Ìyá Sewanu fi ọ̀pá wọn sílẹ̀. Wọ́n dìde. Kí orin náà tó tán, Àǹtí Ganiyat ti gbé èyí tí ìrìn rẹ̀ bá a mu sórí ẹ̀rọ kejì, ó sì fi tẹ̀lé e láìsí àlàfo débi pé àwọn tó ń jó kò yí ẹsẹ̀ padà. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Fún ìgbà kìíní lọ́jọ́ náà, a gbọ́ ohun tí olórin ń wí.

Bọ̀ọ̀dá Shamsu rí i pé inú àwọn ènìyàn ń dùn, ló bá gbá makirofóònù mú. "Èmi ni mo kọ́ ọ o! Gbogbo ohun tó mọ̀, èmi Ọba Ariwo ni mo—"

"Repetéè!" ni kọ́sítọ́ọ̀mù kan tí ń jẹ́ Mọ́ṣúdù ké láti ẹ̀yìn.

Ó parí. Láti ọjọ́ náà, kò sí Kìnnìún mọ́, kò sí Ọba mọ́. Músíọ̀ Dúpọ̀n ló kù. Àwọn ọmọdé a máa kí i bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọn dé gáréèjì.

Ọ̀gá Dosu gbé ìwé àdéhùn tuntun fún Àǹtí Ganiyat kí oòrùn tó wọ̀. Ó jókòó, ó kà á láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gá, ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀?"

Ọ̀gá Dosu yún orí. "N kò kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́. Bí àlejò bá da ọtí sí rẹ́kọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"O ò ṣe wá láti àárọ̀?" ni Ọ̀gá Dosu wí.

Oṣù mẹ́wàá kò pé, Àlàájà ti ní ọkọ̀ lórí omi.

Nígbà tí owó epo gbẹ, púpọ̀ nínú àwọn Dí-Jè Mowo ta ẹ̀rọ wọn fún ẹni tó bá lè gbé e. Bọ̀ọ̀dá Shamsu ti lọ sí Kutọnu kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, a kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Àǹtí Ganiyat kò ta nǹkan kan. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí Mowo, níbi tó ti ń yá àwọn ènìyàn ní ẹ̀rọ, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì níṣẹ́.

Ní ìsinmi ọdún 1985, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, mo yà kí i. Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ, kò wọ dígí. Ó ń lẹ bébà funfun mọ́ àárín àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì ń wo ìwé Àǹtí Ganiyat kọ orúkọ sí wọn, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ kíláàsì kìíní.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá Shamsu."

Ó gbójú sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dá mi mọ̀.

"Nurat. Ìwọ lo bi mí ní ọ̀rọ̀ kan níjọ́sí, mo ní ó kéré."

Ojú tì mí. "Ẹ máà bínú, sà. Ọmọdé ló ń ṣe mí."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kó lè gbẹ, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí orúkọ ṣì wà lára wọn pàápàá," ni ó wí, "n kò mọ èyí tí mò ń gbé sórí ẹ̀rọ."