Ìbéèrè Kan Ṣoṣo tó Kù Lọ́wọ́ Tíṣà Láoṣebìkan

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ibi tí a ti ṣubú kọ́ ni ká wò, ibi tí a ti kọsẹ̀ ni ká wò? Ẹ sún mọ́ mi, kí n rò ó fún yín.

Láoṣebìkan ni tíṣà ìṣirò. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó fa ìwé tó fọwọ́ kọ ìbéèrè mẹ́wàá sí ya lójú àwọn olùkọ́ yòókù. Ó ní òun ti tẹ̀ wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, ayé bírò ti parí.

Ọ̀gá ilé ìwé ní, "Ó dáa. Bí ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò bá dé gbọ̀ngàn ní aago mẹ́wàá, o ò ṣe alákòóso ìdánwò mọ́ nìyẹn."

Lórí ẹ̀rọ náà, àmì dọ́là méjì ni wọ́n fi ń sé ìṣirò mọ́: ọ̀kan á ṣí i, èkejì á tì í. Láoṣebìkan tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀bà àná, ẹ̀rọ sì ní ìbéèrè kejì ló bàjẹ́. Ó pa á rẹ́. Ẹ̀rọ ní ìkẹta ni. Ó pa ìyẹn náà rẹ́.

Ìyáàfin Fadérera, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán, yọjú lẹ́yìn rẹ̀. "Tíṣà, bí aṣọ bá ṣù jọ lọ́dọ̀ tiwa, òkè la ti ń wá kókó òwú o. Ẹ wo ìbéèrè kìíní."

"Ẹ máa rán síkẹ́ẹ̀tì yín, mà. Ṣé ẹ̀rọ bá ìkíní wí ni?"

Nígbà tí aago mẹ́wàá fi ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti pa ìkẹwàá rẹ́. Ẹ̀rọ ní orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ló bàjẹ́.

"Orúkọ bàbá mi kẹ̀?" Ó wo aago, ó pa orúkọ rẹ́. Ẹ̀rọ ní òfìfo tó kù níbẹ̀ ló bàjẹ́.

Fadérera na ọwọ́, ó fi àmì dọ́là kejì tí tíṣà gbàgbé ti ìṣirò inú ìbéèrè kìíní pa. Ohun gbogbo tò gẹ́rẹ́gẹ́, ìwé ìdánwò sì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ọ̀gá wọlé, ó gbé ìwé náà, ó kà á sókè: "Bí *x* bá jẹ́ méjì, kí ni *x*?" Ó yí ìwé náà padà, kò rí nǹkan kan lẹ́yìn. "Ta ló ṣe èyí?"

Kò sí orúkọ níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò tán kí ìjókòó wọn tó gbóná. Fadérera di alákòóso. Àwọn àgbà tó wá sípàdé òbí gbọ́, wọ́n mi orí. Wọn ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ agbéraga. Wọ́n ní Láoṣebìkan ṣubú níbi mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọsẹ̀. Nítorí náà, ibi tí a ti ṣubú kọ́ ni ká wò, ibi tí a ti kọsẹ̀ ni ká wò.