Teslim Mẹ́ta Lórí Gẹdú Kan

Bí ojú bá jẹ́ oúnjẹ, ojú ara rẹ̀ nìkan ni Teslim Oyèníran ì bá máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Onífọ́tò ni ní Muṣin, lọ́dún 1991. Gbogbo fọ́tò tó gbé kọ́ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí o bá gbé ọmọ tuntun lọ bá a, yẹ etí àwòrán náà wò dáadáa: ìgúnpá Teslim kò ní ṣàìyọjú níbẹ̀. Ó sọ ara rẹ̀ ní A-ya-ọ̀run-má-gbàgbé-ilẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n fi tiwa kún un: A-ya-ẹni-ẹlẹ́ni-má-gbàgbé-ara-rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Onígẹdú ní Èbúté Mẹ́ta ń wá ẹni tí yóò ya fọ́tò etí ọ̀sà tí gẹdú wọn wà fún kàlẹ́ńdà wọn. Iṣẹ́ náà le. Bí kámẹ́rà bá mú ojú ọ̀run, gẹdú á dúdú bí èédú. Bó bá mú gẹdú, ojú ọ̀run á funfun bí ògì. Ìyá Àṣàkẹ́, alága ẹgbẹ́, ṣèlérí pé ẹni tó bá mú méjèèjì ni yóò máa ya fọ́tò ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ kàlẹ́ńdà láti Yábàá dé Sùúrùlérè.

Teslim ti ka ọgbọ́n rẹ̀ nínú ìwé òyìnbó. Ya ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan fún ọ̀run, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún àárín, kí o wá tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sórí bébà kan. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ohunkóhun kò gbọdọ̀ mira.

"Ẹni tó bá mira, ó ti ba ayé àti ọ̀run jẹ́!" Teslim ló ń pariwo mọ́ gbogbo èrò etí ọ̀sà.

"Teslim, omi ńkọ́?" ni Ìyá Àṣàkẹ́ bi í. "Ó ṣì ń mì."

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ó mọ̀ mí."

Níkẹyìn ó lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Ó ní fọ́tò tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Òun sì ni iyọ̀. Ó ṣe kámẹ́rà kó lè yà á fúnra rẹ̀, ó sáré gun gẹdú, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Kámẹ́rà dún. Ó sáré padà wá tún un ṣe, ó tún sáré lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ìkángun gẹdú lọ́hùn-ún ló dúró sí, ó ń nàka sókè kí òrùka rẹ̀ lè hàn. Lẹ́ẹ̀kẹta ó jókòó sáàárín gẹdú, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, nítorí bàtà.

Yẹ̀kínnì, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò yẹ kẹ́yin náà dúró lójú kan?"

"Ẹni tí wọ́n ń yà ni òfin dè. Èmi ni mò ń yà."

Nígbà tó fọ fíìmù, tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó rí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹ àwòrán náà tóbi bí ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́.

Ó ṣí aṣọ. Àwọsánmà dán. Ọ̀sà dán. Gẹdú hàn dé èèpo. Teslim mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀, wọ́n fẹ́lẹ́ bí èéfín, igi ń hàn láti inú ikùn wọn.

Àwọn tó wà níwájú ta sẹ́yìn.

"Yéè! Teslim, ìgbà wo lo kú?" ni Ìyá Àṣàkẹ́ wí.

"Màmá, mi ò kú o!"

"Àkúdàáyà wo ló jẹ́wọ́ rí?" ni Yẹ̀kínnì dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì tó ti gùn. "Ẹ̀yin èèyàn, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí o!" Ó sì ń fi omi mímu ẹgbẹ́ fọ ọwọ́.

"Ẹ fọwọ́ kàn mí, ẹ wò ó!" Ibi tí Teslim bá yà sí, ibẹ̀ ni èrò ń tú ká. Ìdajì ẹgbẹ́ ti bá fèrèsé jáde.

"Kì í ṣe òkú!" ló fi igbe ta. "Ẹni tó bá mira ló máa ń rí bẹ́ẹ̀!"

Ìyá Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló wá mira?"

Teslim ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣé ká lọ ra pósí ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Gbóhùn sókè, àwọn tó wà lóde ò gbọ́."

"Èmi ni mo mira! Lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ẹ̀rín tó sọ lóde lọ́jọ́ náà lè ti gẹdú sódò. Nígbà tí kàlẹ́ńdà jáde, àwọsánmà àti ọ̀sà nìkan ló wà níbẹ̀. Abẹ ti gé ìyókù dànù. Ìyá Àṣàkẹ́ ní kí wọ́n má kọ orúkọ onífọ́tò kankan sí i. Ó ní ẹgbẹ́ òun ò lè gbé orúkọ ẹni tí ikú rẹ̀ ṣì ń fa àríyànjiyàn kọ́ sára ògiri.